Katakata Ẹgbẹ́ Wa àti Apá Ìkórù Iwájú Rẹ̀: Bí A Ṣe Lè Rí Ojúlówó Iṣẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Àbójútó Katakata sọ níwájú Ìpàdé Gbogboogbò Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú

  

Ẹ ó rántí pé ní ọdún 2022 ni Ẹgbẹ́ fi owó àjọdá ra katakata kékeré tí ó wà lábẹ́ ibòji lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ará ilé dá tiwọn, ará ìdálẹ̀ dá tiwọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ọdún tí ó kọjá, àwọn kan nínú wa dìde, wọ́n sì dá a lábàá pé kí a tà á, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. A kò bínú sí wọn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni apá kejì ọ̀rọ̀ wọn. Apá kìíní ni a wá bá yín jíròrò lé lórí, nítorí pé lẹ́yìn tí a ti jókòó ti ìwé ẹ̀rọ náà fún oṣù mélòó kan, tí a sì ti bá àwọn tí iṣẹ́ náà yé sọ̀rọ̀, ó dá wa lójú pé katakata náà kọ́ ni kò lè ṣiṣẹ́. Àwa ni a kò tíì mọ bí a ti ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ìjàm̀bá náà bí ó ti rí gan-an, kí ó má baà jẹ́ pé èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ará ọjà ni gbogbo wa yóò máa gbé kiri. Ní oṣù keje ọdún 2023, a rán katakata lọ kó yanrìn odò fún àtúnṣe ọ̀nà oko. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, yanrìn sì tutù rinrin. Awakọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ mọ́tò wà dáadáa, bu yanrìn kún bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu, ó gbé e sókè tó orí ara rẹ̀ kí ó má baà dí i lójú, ó sì kọrí sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú afárá. Kò sí ẹrù kankan lẹ́yìn katakata. Nígbà tí ó dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, táyà ẹ̀yìn méjèèjì fúyẹ́ lórí ilẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò mú. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, katakata sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kùkùté ọ̀pẹ kan ni ó gbà á dúró tí kò fi yí dànù sínú odò. Irin ìdáàbòbò tí ó yẹ kí ó nàró lẹ́yìn àga awakọ̀, àwa fúnra wa ni a ti ká a lulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó má baà máa kọ́ ẹ̀ka obì lójú ọ̀nà oko. Ejìká ọmọ náà yẹ̀. Ó ti sàn báyìí, ó sì wà láàárín wa nínú gbọ̀ngàn yìí. Àwọn ènìyàn ti bá a wí tó. A fẹ́ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé yìí pé ẹ̀bi Ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwa ni a fún un ní iṣẹ́ láìfún un ní ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Kí ni ó fà á tí bíréèkì kò fi mú? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata kékeré bí tiwa, táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì wà fún. Bí táyà ẹ̀yìn bá ti fúyẹ́ lórí ilẹ̀, ẹni tí ó ń tẹ bíréèkì ń tẹ afẹ́fẹ́ ni. Ẹ sì wo bí ẹ̀rọ náà ti dúró: ọ̀pá táyà iwájú ni ó dà bí ìdí òṣùwọ̀n; ẹrù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní iwájú rẹ̀, ara katakata wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tí ó bá gbé agbada omi sí iwájú ikùn rẹ̀ yóò fẹ̀yìn sẹ́yìn, kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ; ara ni ó sọ fún un. Katakata kò ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gùn ún ni ó gbọ́dọ̀ rò ó fún un.

A ó fi ìṣirò kékeré kan ṣe àlàyé, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi ara dà á, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ká ní yanrìn inú bọ́kẹ́ẹ̀tì wúwo tó kílò 400, tí ó sì wà ní mítà 1.5 níwájú ọ̀pá táyà iwájú. Ká ní àlàfo tí ó wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 1.6. Kílò 400 náà nìkan kọ́ ni táyà iwájú yóò rù. Yóò rù kílò 775, nítorí pé ẹrù náà ń gbé ìdí katakata sókè, ó sì ń mú kílò 375 kúrò lórí táyà ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ẹ̀rọ tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju kílò 1,300 lọ, tí a wá mú kílò 375 kúrò ní ìdí rẹ̀, tí a sì tún darí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè, ìyanu ni bí kò bá ṣubú.

Ní báyìí, ẹ gbé ẹrù kílò 480 kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní mítà kan sẹ́yìn ọ̀pá táyà ẹ̀yìn. Òfin kan náà ni yóò tún ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwa ni yóò ṣe é fún. Kílò 780 ni yóò kún orí táyà ẹ̀yìn, nítorí pé yàtọ̀ sí ìwúwo tirẹ̀, ó tún gba kílò 300 kúrò lórí ọ̀pá táyà iwájú. A rò pé kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ katakata tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹrù ìdọ́gba ni a ó máa pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní èrò pé ìdádúró ìjàm̀bá nìkan ni ó wà fún, ṣùgbọ́n òun ni ó tún ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú, kí katakata lè fi agbára ti bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ inú òkìtì. Lọ́dún tí ó kọjá, táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan láìrìn níbi òkìtì yangí, a sì rò pé ẹ́ńjìnnì kò lágbára tó. Agbára pọ̀ níbẹ̀. Ìdí ni kò wúwo.

Ibi tí a ó kọ́ ẹrù náà sí kì í ṣe àdììtú. Irin mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn katakata, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, èyí tí a fi ń kọ́ ohun ìtúlẹ̀. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó sọ irú ìdè mẹ́ta bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú agbára òróró tí ó ń gbé e sókè, di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Katakata kékeré rẹ̀ aláwọ̀ eérú tí a ń pè ní TE20, tí wọ́n ṣe ní ìlú Coventry láti ọdún 1946 sí 1956, ju 500,000 lọ. Ọ̀gbẹ́ni náà kú ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n ìdè mẹ́ta rẹ̀ kò tíì kú. Ó wà lẹ́yìn tiwa níhìn-ín. A ó wá dúrọ́ọ̀mù irin kan, irú èyí tí ó ń gba òróró lítà 200. A ó gbé irin gbọọrọ kan tí ó lágbára gba inú rẹ̀ kọjá ní ìsàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún apá ìsàlẹ̀ méjì láti dì mú, a ó sì ri irin mìíràn mọ́ òkè fún ìdè kẹta. Lẹ́yìn náà, a ó po kọnkéré kún un. Kọnkéré tí ó kún mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga wúwo tó kílò 2,400. Ìdá márùn-ún rẹ̀ ni yóò wọ inú dúrọ́ọ̀mù, kílò 480 náà nìyẹn, yàtọ̀ sí irin. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò ní í ta á ní owó gegele. Kí a kàn rí i dájú pé ìwúwo rẹ̀ kò ju ohun tí ìwé katakata sọ pé apá ẹ̀yìn lè gbé, kí a sì fi kọnkéré náà sílẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó gbé e.

Àwọn kan ti béèrè bóyá omi tí a bá fà sínú táyà ẹ̀yìn kò tó. Ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́, ó sì dára, pàápàá nítorí pé ó ń mú kí ìwúwo wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n omi inú táyà kò jìnnà sí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, nítorí náà kò lè gba ẹrù kankan kúrò lórí ọ̀pá táyà iwájú bí dúrọ́ọ̀mù tí ó kọ́ sẹ́yìn ti ń ṣe. Ọ̀pá iwájú yìí ni ó sì ń jìyà jù. Ẹ rántí pé nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni rọ́bà ìdíwọ́ òróró tí ó wà ní ìdí táyà iwájú lápá òsì ti ya, tí a sì san owó ńlá kí a tó rí òmíràn. A dá ẹni tí ó tà á fún wa lẹ́bi nígbà náà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwa ni a gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù lé e.

Èyí ni ó mú wa dé orí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Nígbà tí a fẹ́ rà á, ẹni tí ó ń tajà fi ìwé hàn wá pé apá iwájú lè gbé kílò 600 dé òkè pátápátá. A yọ̀. A kò béèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ìdí irin tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń yí ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àárín bọ́kẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ wúwo, ó sì gbọ́dọ̀ jáde nínú kílò 600 náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa wúwo tó kílò 150. Ohun tí ó ṣẹ́kù kò pé 450, nítorí pé bí ẹrù bá ti jìnnà sí ìdí irin náà tó ni apá ń rẹ̀ tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì ń gba ìdá mẹ́rin mítà kan lọ́nà gbogbo. Yanrìn gbígbẹ tí ó kún un yóò wúwo tó kílò 400; yanrìn tutù yóò súnmọ́ 475. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni, yanrìn kan náà ni, òjò nìkan ni ó wọ àárín wọn. Nítorí náà, a ti pàṣẹ pé nígbà òjò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí a máa bù. Ẹni tí ó bá rí i pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kò kún kí ó má ṣe pe awakọ̀ ní ọ̀lẹ. Èèpo pákí láti ibùdó gààrí fúyẹ́ ju yanrìn lọ dáadáa; èyíinì, ẹ bù ú kún.

Àṣìṣe kan tún wà tí gbogbo wa ń ṣe, tí ó sì ń jẹ díísẹ̀lì wa. Bí apá kò bá lè gbé ẹrù, awakọ̀ á tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì títí èéfín dúdú yóò fi bo ojú ọ̀run. Kò lè ràn án lọ́wọ́. Iye òróró tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì jáde ni ó ń pọ̀ sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára sí i, èyí sì ń mú kí apá yára gòkè. Ṣùgbọ́n bí ẹrù tí ó lè gbé ti wúwo tó, ọwọ́ fáàfù kan ni ó wà, tí ó máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí ipá òróró bá dé ìwọ̀n tí a fi sí i. Bí ẹrù bá ti ju ìwọ̀n náà lọ, ẹ gbúròó igbe rẹ̀, òróró sì ń gba ibòmíràn lọ, ó ń gbóná lásán. Kí awakọ̀ fi ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó da díẹ̀ nù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ti mẹkáníìkì tí ó bá ní kí a fún fáàfù náà le sí i. Ọ̀kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Irin apá àti ọ̀pá táyà iwájú ni ìwọ̀n fáàfù náà ń dáàbò bò.

Bí a ṣe ń bu òkìtì náà ní ọgbọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. A kì í sáré kọlu òkìtì bí àgbò. Kí awakọ̀ kọjú sí i tààrà, kí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, kí ó wà nínú jíà tí ó kéré jù, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí. Katakata tiwa jẹ́ èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dípò kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ̀ pé bí a bá ti ń tẹ ẹsẹ̀ wọlẹ̀ sí i ni ipá ìtì rẹ̀ ń dín kù. Ìyára ni ẹsẹ̀ náà ń fún un. Nígbà tí ó bá ń fẹ́ dúró nínú òkìtì, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò tún máa tì. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé dé ìdajì, kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń wọlé lọ, kí ó sì gbé apá díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí ó bá yọ jáde, ó ti kún. Kí ó bù ú láti ìsàlẹ̀ òkìtì, kí ti òkè máa yalẹ̀ wá bá a, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ kí òkìtì náà ga jù tí yóò fi dà lé e lórí.

Nígbà tí ó bá ń gbé e sókè láti dà á sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí ó fi ojú sí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Apá tiwa kì í dá mú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́jú; bí apá ti ń gòkè ni ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì ń ká padà sọ́dọ̀ awakọ̀, òkúta tí ó wà lórí rẹ̀ sì lè yí wá sí àyà rẹ̀. Kí ó máa dà á síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gòkè. Lẹ́yìn tí ó bá ti dà á tán, kí ó sọ apá kalẹ̀ kí ó tó yípadà.

Ní ti rírìn pẹ̀lú ẹrù, bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí ó kàn lè ré kọjá òkúta àti kùkùté. Bí ó bá dí awakọ̀ lójú, kí ó rọra lọ, tàbí kí ẹnìkan máa júwe ọ̀nà fún un láti òkèèrè. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí iwájú tí ó wúwo máa kọjú sí òkè nígbà gbogbo: kí ó fi iwájú gùn, kí ó fi ẹ̀yìn sọ̀. Kí ó fi jíà táyà iwájú sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, nítorí pé bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá so pọ̀, táyà iwájú yóò bá a pín nínú ìdádúró. Bí ó bá sì rí i pé ìdí fúyẹ́, kí ó má ṣe yí ọwọ́ ọkọ̀. Kí ó sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlànà yìí nìkan, bí a bá ti kọ́ ọ ṣáájú oṣù keje ọdún 2023, ejìká ọmọ náà kì bá tí yẹ̀.

Ìrìn ẹ̀yìn ni a fi ń tún ojú ọ̀nà ṣe. Lórí ọ̀pá tí a fi ń darí apá, ipò kan wà tí a ń pè ní fúlóòtì. Bí a bá ti ọ̀pá náà dé ibẹ̀, apá á sinmi, bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì máa tẹ̀lé ilẹ̀ bí ilẹ̀ ti rí, ibi tí ó ga yóò gbé e, ibi tí ó rì yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Bí a bá tú yangí sí ojú ọ̀nà, kí awakọ̀ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ipò yìí, kí ó máa fà á padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ bọ̀, ojú ọ̀nà á tẹ́. Ìkìlọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, a kì í lo ipò yìí nígbà tí ẹrù wà lókè, nítorí pé wàrà ni apá yóò já. Èkejì, a kì í dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ilẹ̀ pátápátá kí a tó fà á sẹ́yìn. Bí ó bá kọ́ gbòǹgbò, ọ̀pá dídán tí ó ń ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yóò tẹ̀, owó tí a ó fi tún un ṣe kò kéré.

A bẹ ẹ̀yin àgbẹ̀ kí ẹ mọ̀ pé katakata yìí kì í ṣe katapílà. Agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 35 lọ. Kò lè hú ìdí ìrókò, kò sì lè wa ilẹ̀ tí oòrùn ti sun le bí àpáta. Bí ilẹ̀ bá le, ẹ fi ohun ìtúlẹ̀ tú u láti ẹ̀yìn ná, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì wá kó o. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ fi igun bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo hú kùkùté ń lọ́ apá náà ni, apá tí ó bá sì ti lọ́ kì í tọ́ mọ́.

Ẹ̀ka Lọ́ńdọ́nù kọ̀wé pé àwọn yóò fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi ju èyí lọ ta wá lọ́rẹ. A dúpẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe ra á. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá yóò tàn wá láti bu ohun tí apá kò lè gbé. Bí ọwọ́ wọn bá ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ìka irin méjì tí a fi ń gbé àkójọ ẹrù ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọn ìyá tí ó ń ṣe gààrí mọ ohun tí à ń sọ: àpò tí ènìyàn mẹ́rin ń fà, tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, katakata lè gbé mẹ́rin rẹ̀ lórí pákó kan láti ibi ìfúnpọ̀ dé inú ọkọ̀. Kí a sì rántí pé lórí ìka, ẹrù jìnnà síwájú ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí náà ohun tí a lè gbé yóò dín kù.

A kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. A mọ̀ pé nígbà ọdún tí ó kọjá, a gbé àwọn ọ̀dọ́ sókè láti so àsíá mọ́ òpó, gbogbo ìlú sì pàtẹ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́. Bí okùn òróró kan bá já, kò sí ohun tí yóò gbà wọ́n. Kí awakọ̀ sì máa wo òkè fún wáyà iná mànàmáná kí ó tó gbé apá.

Irin ìdáàbòbò ti padà sí ìnàró rẹ̀. A ti gé ẹ̀ka obì náà, a sì ti bẹ olóko. Ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ fi òfin mú un, ní ọdún 1959, pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní irú irin bẹ́ẹ̀, ikú àwọn awakọ̀ lábẹ́ katakata sì dín kù níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n irin náà kò wúlò fún ẹni tí kò de bẹ́líìtì àga, nítorí pé yóò já ṣubú sí abẹ́ irin tí ó yẹ kí ó gbà á là.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, kí a fún gbogbo ìdí irin tí ó ń yí ní gíríìsì títí ti àtijọ́ yóò fi yọ jáde. Kí a máa wo bóòtù tí ó so apá mọ́ ara katakata, kí a máa wọn afẹ́fẹ́ táyà iwájú, kí a sì máa gbá eruku kúrò lójú rédíétọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí òróró bá ń jò láti ojú ihò kékeré, páálí ni kí a fi wá ibi tí ó ti ń tú jáde, kì í ṣe ọwọ́. Ipá òróró náà lè gún awọ ara bí abẹ́rẹ́, ẹni tí ó bá sì wọ̀ lára gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kíákíá, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Kí a sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kí awakọ̀ tó sọ̀, ní gbogbo ìgbà, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, ohun tí Ìgbìmọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ìpàdé yìí ni pé kí a má ṣe tíì tà á. Ẹ fún wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. A ó ṣe ẹrù ìdọ́gba náà kí oṣù kejìlá tó wọlé. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó gààrí, níbi tí òkìtì èèpo ti ń rùn sí ojú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, a ó kó o lọ sí oko àwọn tí ó fẹ́ fi í ṣe ilẹ̀dú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà odò, kí ọkọ̀ lè máa dé oko kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Wákàtí iṣẹ́, díísẹ̀lì àti ohun tí a san ni a ó máa kọ sínú ìwé kan tí yóò wà lọ́dọ̀ Akápò, ẹnikẹ́ni nínú yín lè wò ó. Bí àkọsílẹ̀ náà bá fi hàn ní ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ pé ìnáwó ju iṣẹ́ lọ, àwa fúnra wa ni a ó dá a lábàá pé kí a tà á.

Awakọ̀ wa ti gbà láti padà sí ẹnu iṣẹ́, òun ni yóò sì ran wá lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ènìyàn mẹ́rin ni a fẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí wọ́n lè ka ìwé ẹ̀rọ tàbí tí wọ́n ní ẹni tí yóò kà á fún wọn. Kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé kí ìpàdé tó túká. Àárọ̀ Sátidé ni a ó bẹ̀rẹ̀, lórí pápá tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kí wọ́n wọ bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá.